Mo Ra Báàgì Aláfẹ́fẹ́: Ṣé Kí N Ju Ti Àtijọ́ Nù?

ÌBÉÈRÈ YÍN, pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n Alábẹ́rẹ́, tó ń tún báàgì, bàtà òkè àti aṣọ òtútù ṣe ní ìpínlẹ̀ Colorado, Amẹ́ríkà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Denver. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló kọ́ mi ní sikí, eré fífi pákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín. Ibi tí lífítì ti ń gbéni gòkè la ti bẹ̀rẹ̀, ká tó wá máa fi ẹsẹ̀ ara wa gun òkè lọ síbi tí kò sí ẹlòmíràn. Kí òtútù tó mú dáadáa, mo ra báàgì aláfẹ́fẹ́, irú èyí tí èèyàn máa ń fa ọwọ́ rẹ̀ tí bálúùnù ńlá á sì wú jáde lẹ́yìn ẹni bí yìnyín bá ya wálẹ̀ látorí òkè. Oníbátìrì ni, 30 lítà. Iye tí mo rà á kò ṣeé sọ sétí ìyá mi. Báàgì mi àtijọ́, 28 lítà, ṣì wà ńlẹ̀: kò ya, síìpù rẹ̀ ṣì ń lọ geere. Ọkọ mi ní ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni mo ní, kí ni mo fẹ́ fi báàgì méjì ṣe, kí n tà á. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má tà á, pé ó fúyẹ́, pé màá lè máa gbé e nígbà ìrúwé nígbà tí yìnyín bá ti dì gan-an. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?
— Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Denver

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìnáwó o. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá náwó tó báyìí láìsí pé ó fẹ́ ṣe òde, ó yẹ ká kí i.

Tọ́jú báàgì náà. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà tí o gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí: kò gbọdọ̀ tún bá ọ dé ibi tí yìnyín ti lè ya. Bí ó bá rẹ̀ ọ́ o, bí ojú ọjọ́ dára o, bí ó jẹ́ ìgbà ìrúwé o. Bí o bá mọ̀ nínú ara rẹ pé o ò ní lè pa òfin yìí mọ́, ọkọ rẹ ló jàre, gbé báàgì náà jáde nílé.

Aago mẹ́rin àárọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù fún ọ. O ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, o fojú kan oorun, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti ń fọn fèrè mọ́tò níta, báàgì méjì sì wà lórí ìkọ́. Ọ̀pọ̀ báàgì aláfẹ́fẹ́ ló wọ̀n tó kílò 2 sí 3 kí èèyàn tó kó nǹkankan sínú rẹ̀. Báàgì lásán tó bá a dọ́gba kì í sábà ju kílò kan àti díẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ àti bálúùnù tó ká sínú ti tuntun náà ti jẹ àyè, 30 lítà tí wọ́n kọ sí i lára kì í gba ẹrù tó bí èèyàn ṣe rò. Ní irú wákàtí yẹn, ọwọ́ á lọ sórí èyí tó fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ máa ń wà tí èèyàn á fi tu ara rẹ̀ nínú pẹ̀lú: òkè kékeré la ń lọ, a ò ní pẹ́, gbogbo wa la mọ ibẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó gbé báàgì wá fún mi láti tún ṣe, tí báàgì aláfẹ́fẹ́ wọn sì wà nílé, tí táàgì owó ṣì wà lára rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí o rà, nítorí èèyàn lè sanwó nǹkan kó má mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Da gàrí sínú abọ́, da ẹ̀pà lé e, bu gàrí bò ó mọ́lẹ̀, kí o wá máa mi abọ́ náà. Ẹ̀pà á máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí nǹkan ńlá tó wà láàárín nǹkan wẹ́wẹ́ tí a ń mì, òkè ló ń wá. Bí yìnyín tó ń ya ṣe ń rìn nìyẹn. Bálúùnù náà, tí ọ̀pọ̀ wọn tó 150 lítà, ń sọ ìwọ di ẹ̀pà. Ará Jámánì kan, Peter Aschauer, ló gbé irú báàgì yìí wá sọ́jà ní 1985. Àwọn tó ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2014 ka àwọn tí yìnyín gbé lọ dáadáa: nínú 100 tí bálúùnù wọn kò wú tàbí tí wọn kò ní in, 22 ló kú, nínú 100 tí tiwọn wú, 11. Ikú fi ìdajì lọ sílẹ̀. Àwọn 11 yẹn ṣì kú pẹ̀lú bálúùnù lẹ́yìn wọn, torí bálúùnù kò mọ igi, kò mọ àpáta, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbé ọ sókè nínú kòtò tí yìnyín ń dà bò láti òkè.

Ohun tó kan báàgì àtijọ́ rẹ wà nínú ìwádìí kan náà. Bíi 20 nínú 100 báàgì wọ̀nyí ni kò wú lọ́jọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀, ohun tó sì fà á jù ni pé ẹni tó gbé e kò fa ọwọ́ rẹ̀. Owó ti lọ, báàgì wà lẹ́yìn, bátìrì kún, ọwọ́ kò dé ibẹ̀. Èèyàn tí ilẹ̀ ń yọ́ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní àyè láti ronú èjìká òsì tàbí ọ̀tún. Ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ kì í sì í mọ ohun tí kò bá pàdé nígbà gbogbo. Bí o bá ń gbé èyí lónìí, tí o ń gbé ìyẹn lọ́la, lọ́jọ́ kan o ó na ọwọ́ sí okùn èjìká tí kò sí nǹkankan lára rẹ̀.

Nítorí náà, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí o ti mú báàgì. Ka ìkìlọ̀ nípa yìnyín yíya tí Colorado Avalanche Information Center máa ń gbé jáde lójoojúmọ́ nígbà òtútù, kí o sì la máàpù sílẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wà láàárín 30 sí 45 dígírì ni yìnyín ti sábà máa ń ya. Bí irú rẹ̀ bá wà lójú ọ̀nà rẹ, tàbí lókè orí rẹ, báàgì tuntun ni. Mo tẹnu mọ́ òkè orí, nítorí àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ilẹ̀ títẹ́jú làwọn ń rìn. Ilẹ̀ títẹ́jú tó wà lábẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ibi tí yìnyín ń já sí.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń sọ̀rọ̀ ìgbà ìrúwé yìí, òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Bí yìnyín bá ti ń yọ́ lọ́sàn-án tó ń dì lóru fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń le koránkorán láàárọ̀, ó sì lè di ara rẹ̀ mú dáadáa. Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà kọ́ ló ń sọ ìyẹn. Ogúnjọ́ oṣù kẹrin 2013, ní Sheep Creek lẹ́gbẹ̀ẹ́ Loveland Pass, ibi tí kò jìnnà sí ọ rárá, yìnyín ya lu èèyàn mẹ́fà, márùn-ún kú. Oṣù kẹrin! Ìpìlẹ̀ yìnyín Colorado kì í dára: ti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù máa ń di hóróhóró bíńtín tí kò lẹ̀ mọ́ra, èyí tó bá rọ̀ lẹ́yìn náà á kó lé e lórí, wọ́n á sì jọ wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní ìgbà ìrúwé ti dé, bi í pé kí ni ìkìlọ̀ òní wí.

Ó ku ṣọ́bìrì. Ní 2012, ní Stevens Pass ní ìpínlẹ̀ Washington, yìnyín gbé àwọn ògbógi onísikí lọ. Mẹ́ta kú. Elyse Saugstad fa báàgì rẹ̀, ó yè. Àmọ́ nígbà tí yìnyín dúró, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló wà níta. Ìyókù ara rẹ̀ há mọ́nú yìnyín gbagidi. Ẹlòmíràn ló wà á jáde. Báàgì aláfẹ́fẹ́, ara rẹ lo rà á fún. Ṣọ́bìrì, ọ̀pá gígùn tí a fi ń gún yìnyín wá èèyàn, àti bíkọ̀nì tó wà láyà rẹ, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi àmì hàn ibi tí èèyàn wà lábẹ́ yìnyín, ìwọ̀nyí lo rà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, àwọn náà sì ra tiwọn fún ọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà níbẹ̀: nínú ìwádìí àtijọ́ kan ní Switzerland, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n wà jáde láàárín ìṣẹ́jú 15 ló yè, nígbà tó fi máa pé ìṣẹ́jú 35, bíi 30 nínú 100 ló ṣẹ́kù.

Ibi tí báàgì méjì ti ń ṣe èèyàn léṣe gan-an nìyí. Oníbàárà kan gbé tirẹ̀ wá fún mi torí síìpù. Mo tú ẹrù inú rẹ̀ sórí tábìlì kí n lè ríbi fi abẹ́rẹ́ sí: ọ̀pá igi ṣọ́bìrì jáde, mo ń wá irin orí rẹ̀, kò sí. Mo bi í. Ó ní irin náà wà nínú báàgì kejì. Ó ti ń gun òkè bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti kó ẹrù láti inú ọ̀kan sí èkejì, kò tiẹ̀ ṣí àpò ṣọ́bìrì wò. Mo wo ojú rẹ̀, òun náà wo tèmi. N kò gba owó síìpù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó fi ra ọbẹ̀ fún àwọn tó ń bá a lọ.

Kó ṣọ́bìrì àti ọ̀pá rẹ sínú àpò tí wọ́n ṣe fún un nínú báàgì tuntun, kí o má sì kó wọn jáde mọ́ àfi tí o bá fẹ́ nù wọ́n gbẹ. Kó gbogbo nǹkan tó jẹ mọ́ yìnyín yíya kúrò nínú ti àtijọ́ pátápátá. Bí o bá ń múra tí o wá ń rò ó pé kí o mú ṣọ́bìrì dání sínú báàgì àtijọ́, ìwọ fúnra rẹ ti dáhùn: báàgì tuntun ló kàn.

Kí ni ti àtijọ́ á wá máa ṣe? Ó pọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ọjọ́ lífítì, nígbà tí o bá wà lójú ọ̀nà tí àwọn olùṣọ́ òkè ti yẹ̀ wò, tí o ò ní jáde kúrò níbẹ̀. Omi, ìgò ojú, súwẹ́tà kan, ó parí. Báàgì aláfẹ́fẹ́ máa ń dààmú èèyàn lórí lífítì: o gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ìfà rẹ̀ pa, nítorí bí ó bá lọ wú lórí àga tàbí nínú yàrá kékeré tí wáyà ń fà, ojú á tì ọ́, ó sì lè burú ju ìtìjú lọ. Kò túmọ̀ sí pé ti àtijọ́ kò ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù kìíní 2017, ní Arapahoe Basin tìrẹ níbẹ̀, okùn báàgì ọkùnrin kan kọ́ àga lífítì nígbà tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó gbé e rọ̀, ó sì fún un lọ́rùn. Ẹnì kan tó mọ rírìn lórí okùn dunjú ló gun òpó lífítì, ó gba orí wáyà lọ bá a, ó gé okùn náà. Ọkùnrin náà yè. Nítorí náà, bọ́ báàgì kúrò lẹ́yìn, gbé e sí itan rẹ kí àga tó dé, kí o sì gé gbogbo okùn tó ń ṣe jálajàla lára rẹ̀. Fi iná díẹ̀ kan ẹnu ibi tí o gé kó má bàa tú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òkè Colorado tí a ń fi ẹsẹ̀ gùn ní oṣù keje kò nílò bálúùnù.

Kí o tó gbé e padà sórí ìkọ́, yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù. Yí inú rẹ̀ síta, kí o fi àtàǹpàkò ra aṣọ inú rẹ̀ níbi tó kángun sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, tó ń bó wẹ́wẹ́, ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún kí omi má wọlé ti ń kú, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè jí i. Fún fóòmù okùn èjìká láàárín ìka méjì: ó yẹ kó padà wú. Di bọ́kù àyà àti ti ìbàdí, kí o fà wọ́n le, kí o wo ẹ̀gbẹ́ wọn níbi tí oòrùn ti ń pa á bóyá ó ti là tín-ín-rín. Bọ́kù kò wọ́n, mo lè pààrọ̀ rẹ̀ kí o tó mu tíì tán. Aṣọ tó ti ń bó ni kí o má náwó lé.

Bí o bá pinnu láti tà á, kò ní mú owó gidi wá, má tan ara rẹ. Lára àwọn nọ́ọ̀sì tuntun tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni kan á wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ sikí lórí lífítì. Fún un. Kí o sì sọ fún ọkọ rẹ pé Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀yìn kan lè ní báàgì méjì, ṣebí òun náà ní orí kan, mélòó ni fìlà rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, London ni mo wà. Èmi àti àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ń lọ sí Chamonix ní ilẹ̀ Faransé. Báàgì aláfẹ́fẹ́ tèmi, onísílíńdà ni, afẹ́fẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú sílíńdà ló ń mú bálúùnù rẹ̀ wú. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n gbé e wọ bàálù, àbí kí n kúkú gbé báàgì mi àtijọ́?
— Bàbá Ìbejì

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, òfin ìrìnnà òfuurufú ti àgbáyé gbà kí èrò kan gbé ẹyọ kan, bí ilé iṣẹ́ bàálù bá fọwọ́ sí i, tí ẹ sì dì í lọ́nà tí kò fi lè ṣèèṣì bú. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú, kí ẹ tẹ èsì wọn sórí ìwé, torí ẹni tó bá dúró nídìí ẹ̀rọ àyẹ̀wò lè máà rí irú rẹ̀ rí. Amẹ́ríkà le jù bẹ́ẹ̀ lọ: sílíńdà gbọ́dọ̀ ṣófo, kí ẹnu rẹ̀ wà ní ṣíṣí kí wọ́n lè rí inú rẹ̀. Bí wàhálà bá pọ̀ jù, ẹ lọ háyà ọ̀kan ní Chamonix; ṣọ́ọ̀bù tó ń háyà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ kó aṣọ sínú ti àtijọ́ wọ bàálù. Àmọ́ kí ẹ tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ ní kí wọ́n fi ibi ọwọ́ ìfà hàn yín, kí ẹ di okùn tó ń gba àárín itan kọjá. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í fẹ́ràn okùn yẹn. Bí ẹ kò bá dì í, bálúùnù á gòkè, báàgì á bá a lọ, ẹ̀yin á wà nísàlẹ̀.

Ìbéèrè: Mo kí yín o. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi ọkùnrin ń kàwé ní Innsbruck, Austria. Ó fi fótò báàgì kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní bí yìnyín bá bo òun, báàgì náà á gbé òun sókè, kí n má fòyà mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kò ní kú?
— Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú àdúrótì ọmọ. Ọmọ yín kò parọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Báàgì náà dára gan-an, inú mi dùn pé ó ra á. Ó ń dín ikú kù, kò lé e lọ. Bí yìnyín bá gbé e lu igi, báàgì kò ní ohun tó máa ṣe sí i.

Ẹ má bi í nípa báàgì mọ́. Bí ó bá pè yín pé òun ń lọ sórí òkè, ẹ bi í pé: ta ni ẹ jọ ń lọ? Ìkìlọ̀ òní, nọ́ńbà wo ni? Láti 1 dé 5 ni wọ́n ń kà á ní ilẹ̀ Yúróòpù. Bí ó bá ní 4, ẹ̀yin ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lórí fóònù láìtijú. Bí ó bá ní 3, ẹ sọ fún un pé 3 kì í ṣe àárín gbùngbùn tí kò léwu, ewu púpọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í bóyá bíkọ̀nì rẹ̀ wà ní títàn, bóyá àwọn tó kù náà ní ṣọ́bìrì. Àwọn ọmọ wa kì í fẹ́ kí màmá wọn bi wọ́n ní irú ìbéèrè báyìí tí wọn kò ní ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu, ó á lọ wá a kó tó pè yín lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ ní kó kọ 140 sínú fóònù rẹ̀. Nọ́ńbà àwọn tó ń gbani là lórí òkè ní Austria nìyẹn.